Bánidélé, Ajá Ńlá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Bọ́

Ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀. Ẹ fa igbá ẹ̀gúsí yín súnmọ́ra, kí ẹ máa bó o lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi, nítorí ọwọ́ ló ń bó ẹ̀gúsí, kì í ṣe etí. Èmi Ọdẹ́yínká ọmọ Akíndípẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo gbá erin létí tí erin bẹ̀ mí. Èmi tí iwin ń yà fún lójú ọ̀nà odò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó dáa. Ẹ rín in tán báyìí, nítorí ìtàn tí mo mú wá lónìí kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú.

Ẹ ti gbọ́ díẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Bí mo bá ti mu ẹmu, ibi tó dùn ni mo máa ń sọ, mo sì máa ń fo ibi tó korò. Lónìí, n kò mu ẹmu rárá.

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní ní Òkè-Àfọ̀n yìí. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje ni. Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ kejì tí a sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni mo sì fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Mo fẹ́ràn ọmọ náà ju ojú mi méjèèjì lọ. Ní àkókò náà ni ẹ̀dá kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú igbó, a sì sọ ọ́ ní Agbọ́mọ-lọ́sàn-án. Gíga rẹ̀ tó ọ̀pẹ kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ wọn nílẹ̀. Ojú kan ló ní, àárín àyà ni ojú náà wà, kì í sì í ṣẹ́. Ọ̀sán gangan ló máa ń dé, á wá máa kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ orin náà, oorun á gbé e lọ níbi tó bá wà. Ẹni tó ń gún iyán á sùn lé ọmọ odó lórí, ẹni tó gun ọ̀pẹ á sùn sínú igbà. Àwọn ọmọdé nìkan ni kì í sùn, ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn, nítorí wọ́n ń rí i bí ó ṣe ń bọ̀.

Ọmọ mẹ́rin ló ti gbé lọ, a kò sì rí egungun wọn. Ọmọ tó bá fẹ́ gbé, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pupa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, á sì padà wá mú un ní ọjà keje. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo jí lójú oorun tí n kò mọ ìgbà tí mo sùn ún. Àwọn ajá ìdẹ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, ọrùn wọn ti ṣẹ́. Mo yí ẹ̀yìn Ìbídùn padà, mo sì rí àtẹ́lẹwọ́ pupa níbẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò lọ.

Mo sáré tọ Bàbá Láyẹmí lọ, Olúọdẹ wa nígbà náà. Bàbá wo ẹ̀yìn ọmọ náà, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọdẹ́yínká, ìbọn kọ́ ni ti èyí. Ènìyàn ni orin náà ń mú, kì í mú ajá. Ṣùgbọ́n ajá tìrẹ àti tèmi, ẹran ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ọmọ, wọn kò sì tóbi tó. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ajáńlá. Àwọn ajá ibẹ̀ tó ọmọ màlúù, inú ilé ni wọ́n ń sùn, láàárín àwọn ọmọ. Bí o bá mú ọ̀kan wá, tí ó sì fẹ́ràn ọmọ yìí, ó ṣeé ṣe kó yè."

"Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"A jẹ́ pé o rìn lásán nìyẹn."

Mo fi Ìbídùn sọ́dọ̀ ìyàwó wọn, mo gbé ìbọn, mo gbé àdá, mo di àgbàdo sísun sínú àpò, ó di inú igbó.

Igbó kìíní tí mo wọ̀, ẹyẹ kò ké níbẹ̀. Ní àárín rẹ̀ ni mo ti bá iwin kan lórí òkìtì ọ̀gán, orí rẹ̀ tóbi bí orù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Abèèrè ni orúkọ rẹ̀. Agbárí àwọn ọdẹ tò yí i ká, wọ́n sì ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o." "Ọdẹ, àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí." Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ mí? Ẹnu kò tíì sí lára mi rí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo ní, "Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀kan yìí, kúrò lọ́nà fún mi, kí n má baà sọ ọ́ di aláìlẹ́sẹ̀!"

Abèèrè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Dá mi lóhùn: arúgbó kan ń bẹ tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, orúnkún ń dùn ún, ìyá tó bí i sì ti kú ikú ogbó. Ta ni?"

Mo ronú títí, òógùn bò mí. Mo ní àbíkú ni. Àwọn agbárí náà pa kàkà sẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé eyín ń já bọ́ lẹ́nu wọn. Abèèrè nawọ́ sí ọrùn mi. Ìgbà náà ni ẹnu mi rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún iwin, ẹ̀yin èèyàn, èmi Ọdẹ́yínká. Mo ní ọmọ mi kan ṣoṣo ni, mo ní bí mo bá kú síbí, òun náà kú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ti ọmọ ìka rẹ̀ bọ etí òsì mi, ó yí i, ó sì fa nǹkan kan jáde tó rí bí òwú, ó ní òun gbà á dípò orí mi. Láti ọjọ́ náà, etí òsì mi kò gbọ́ nǹkan mọ́. Bí ẹ bá ń bú mi láti apá ibí yìí, ẹ kàn ń dá ara yín lágara ni.

Mo kọjá. Mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Oníkánjú. Níbẹ̀, wọ́n ń hú iṣu ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbìn ín, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní tútù. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń gbé dúró pé kó máa rìn, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ ní ìlú náà. Àwọn wọ̀nyí ti lọ mú àwọn ọmọ ajá ńlá láti Ajáńlá wá. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n tètè dàgbà. Ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ń lé e gun òkè, wọ́n ń di ẹrù lé e lẹ́yìn, wọ́n ń mú un fo kòtò. Egungun irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbó, ara ń tóbi ṣáájú egungun ni. Gbogbo wọn ni ìbàdí wọn ti yẹ̀. Mo rí wọn lójú títì, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ìdí nílẹ̀, ẹranko tó tóbi tó ọmọ màlúù. Ọ̀kan wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì lá ọwọ́ mi. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

Mo di ọkùnrin kan mú ní apá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe àwọn ajá yín?"

"Wọ́n ya ọ̀lẹ ni!" ni ó wí, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì sáré kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́ ọ níbẹ̀? Mo bu omi fún ajá náà, mo sunkún, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo dé Ajáńlá, obìnrin arúgbó kan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mójú tó àwọn ajá ìlú náà. Ọmọ kékeré kan ń sùn lórí ikùn ajá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ajá náà tó odó ata, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, itọ́ ń kán níbẹ̀ bí omi ọṣẹ. Bí mo ṣe súnmọ́ wọn, ó yọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọmọ náà, kò gbó, kò fi eyín hàn. Ó kàn dúró sáàárín èmi àti ọmọ náà ni, ó ń wò mí. Èmi tí mo gbá erin létí, mo fi ẹ̀yìn rìn.

Mo kí Ìyá, mo ro ẹjọ́ mi. Mo fi kún un pé kí wọ́n má ṣe wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti kọ́ mi, pé láti kékeré ni mo ti ń tọ́ ajá.

Wọ́n ní, "Ajá tí ẹ ń tọ́, tàbí ajá tí ẹ ń lò?"

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi mí ṣe iṣẹ́. Mo ń nu itọ́ lẹ́nu ajá, mo ń ya irun wọn, mo ń fọ ìṣẹ́po ara wọn kó má baà rà, mo ń wá ibi tútù fún wọn lọ́sàn-án, nítorí oòrùn tètè ń pa wọ́n. Mo kọ́ pé a kì í so wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí a bá yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kì í jẹun, á kàn máa rù ni. Mo kọ́ pé a kì í nà wọ́n, ohùn rírọ̀ ti tó. Ní ọjọ́ kan mo bá Ìyá níbi tí wọ́n ti ń fi òrí pa orúnkún ajá kan tí irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Mo bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni.

"Ọdún mẹ́jọ. Léṣìí ni ìyá rẹ̀ kú, ogbó ló pa á."

Mo fi ọwọ́ di etí òsì mi mú. Ìyá rí mi, wọ́n sì ní, "Wọn kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ọjọ́ kan ṣòfò pẹ̀lú wọn."

Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n fa akọ kan lé mi lọ́wọ́, àwọ̀ ewé kòkó gbígbẹ ló ní, Bánidélé ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọdẹ́yínká, bí o bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, má gbàgbé èyí. Ikùn ajá yìí jìn. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa bọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, má fún un lóúnjẹ, má sì jẹ́ kó mu omi púpọ̀. Jẹ́ kó dùbúlẹ̀ títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Bí ó bá sì jẹun tán, má jẹ́ kó sáré. Bí o bá ṣe é, ikùn náà á lọ́ po nínú rẹ̀ bí aṣọ tí a ń fún. Kò sí ewé tó ń tú u."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìpadàbọ̀ mi kò gùn létí. Nígbà tí Abèèrè rí Bánidélé, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kígbe pé, "Ajá ńlá ni arúgbó náà! Dá etí mi padà!" Ó ní òun ti jẹ ẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí ọjà keje pé nígbà tí a dé ilé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ajá náà lè má fẹ́ràn ọmọ mi. Ìbídùn jáde, ó wò ó láti orí dé ìrù, ó ní, "Ṣé èmi ni ẹ mú un wá fún?" Bánidélé gbé orí lé e ní èjìká, itọ́ sì ṣàn bá a dé ìdodo. Láti ọjọ́ náà wọn kò ya ara wọn. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló ń sùn. Mo kọ́ Ìbídùn ní gbogbo ohun tí Ìyá kọ́ mi, mo ní kó tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta bí èmi náà ti sọ ọ́. Òun ló ń bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Ní àràárọ̀ ajá náà á máa lá àtẹ́lẹwọ́ pupa ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò parẹ́.

Ọjọ́ ọjà keje pé, ẹnikẹ́ni kò lọ sọ́jà. Gbogbo ọdẹ ìlú yí ilé mi ká, ìbọn lọ́wọ́. Oòrùn dúró lókè orí, orin náà sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdẹ ń ṣubú bí ìgbà tí a ń ké ọ̀gẹ̀dẹ̀. Etí ọ̀tún mi nìkan ló gbọ́ orin náà, nítorí náà apá kan ara mi ló sùn. N kò lè gbé ọwọ́, n kò lè kígbe, ṣùgbọ́n ojú mi kan là, mo sì rí gbogbo rẹ̀.

Mo rí Agbọ́mọ-lọ́sàn-án tó tẹ orí bọ àgbàlá mi. Mo rí ọmọ mi lẹ́bàá ògiri, kò sunkún, ó ti gbọ̀n títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Bánidélé sì dìde, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀dá náà gbá a lulẹ̀. Ó dìde. Ó tún gbá a, mo sì gbọ́ tí egungun dún. Ó dìde, ó padà sí ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ gígùn náà kọjá lórí rẹ̀ tó kan irun Ìbídùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ajá náà láti Ajáńlá. Ó fò mọ́ ọn lọ́fun. Kò já a jẹ, ó kàn dì í mú ni, ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ fà á wálẹ̀. Wọ́n yí nínú oòrùn yẹn títí òjìji fi yẹ̀. Orin náà ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, ó sì dákẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ pupa náà ṣàn kúrò lẹ́yìn ọmọ mi bí òógùn.

Ibi tí mo máa ń fò rèé.

Ìlú jí, ariwo ta. Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Ajá tó bá pa ẹran, ọwọ́ olówó rẹ̀ ló ti ń gba ìpín, kí ẹ̀jẹ̀ tó tutù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Á jẹ ẹ́ tán, á sì sáré yí ẹran náà ká lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ayé rí i. Ọdẹ tó bá fi falẹ̀, ahun ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti pa òbúkọ, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ wá, wọ́n gbé odidi ọpọ́n iyán wá, wọ́n gbé agbada omi wá. Bánidélé dúró, ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ìbídùn di ọwọ́ mi mú. "Bàbá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Ẹnì kan láàárín èrò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, Ọdẹ́yínká! Ọmọ ọdún méje ló wá ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gbá ọwọ́ ọmọ mi dànù, mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo bu iyán, mo bu ẹ̀dọ̀, mo nawọ́ rẹ̀ sí ajá náà.

Kò fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó jẹ ẹ́ nítorí pé èmi ni mo fi fún un. Mo bọ́ ọ tán pátápátá, mo fún un lómi, mo pàṣẹ pé kó sáré, ó sì sáré, ẹ̀ẹ̀mẹta gééré.

Kò pẹ́ tó dúró sí ojú kan, ó dorí kodò. Ó fẹ́ bì, ìfófòó nìkan ló jáde. Ikùn rẹ̀ le, ó wú bí àpò ọkà. Mo pe gbogbo ọfọ̀ tí mo mọ̀, mo da epo sí i lọ́nà ọ̀fun, mo fọwọ́ rọ́ ikùn náà, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rìn tọ Ìbídùn lọ, ó fara tì í, ó sì rọra jókòó. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú sórí itan rẹ̀.

Ìlú ní ọdẹ ni, kí a sin ín bí ọdẹ. Ẹ sì mọ̀ pé ní ẹnu sàréè ọdẹ, ẹni tó súnmọ́ ọn jù á fi ahọ́n kan irin, á sọ ohun tó pa á, kí àwọn tó kù lè ṣọ́ra. Bàbá Láyẹmí na àdá sí mi.

"Kí ló pa á, Ọdẹ́yínká?"

Ìbídùn wà ní òdìkejì kòtò náà, itọ́ ajá ti gbẹ mọ́ aṣọ rẹ̀. Mo fi ahọ́n kan irin. Mo ní, "Oró Agbọ́mọ-lọ́sàn-án ni." Wọ́n hó yèè, wọ́n gbé mi sókè, wọ́n gbé mi yí ìlú ká. Láti orí èjìká wọn, mo rí ọmọ mi tó ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ sínú kòtò.

Irọ́ mi ti rìn fún ọgbọ̀n ọdún. Àdá nìyí lọ́wọ́ mi, ahọ́n mi nìyí lára rẹ̀: èmi ni mo pa Bánidélé.

Ìbídùn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ẹ mọ ilé rẹ̀. Kò tíì rí mi fín lọ́jọ́ kan. Òun ló ń dáná fún mi, òun ló ń fọ aṣọ mi. Ṣùgbọ́n láti ẹnu sàréè ọjọ́ náà, kò pè mí ní Bàbá mọ́. Mo ti ṣe àìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, mo sì ń retí rẹ̀ lórí ẹní, kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, ó gbé ẹ̀kọ wá nínú òjò, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní: "Ọdẹ, ẹ kú àárọ̀ o. Oúnjẹ yín rèé."